Gbèsè Òkun

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la ti jí.
Nirupama ti di búrẹ́dì pẹlẹbẹ mẹ́jọ sínú ike,
ọ̀dùnkún díndín, ata tútù méjì,
àfi bí ẹni tó ń re àjò oṣù mẹ́fà.
Mo ní, "Àlọ àárọ̀, àbọ̀ alẹ́ ni o."
Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lo fi ń wí pé 'a ó lọ láìpẹ́.'
Ebi kò ní í pa mí lọ́jọ́ tó dé."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo jẹ gbèsè òkun.
Alẹ́ ìgbéyàwó wa ni mo ti ṣèlérí Digha,
kí ilé ìtẹ̀wé tó gbà mí síṣẹ́,
kí n tó fi ọgbọ̀n ọdún máa to lẹ́tà òjé
lódì-lódì, láti ọ̀tún sí òsì:
orúkọ ìyàwó tuntun, orúkọ òkú, orúkọ ẹni tó ń dupò.
Oṣù tó kọjá ni wọ́n wọn ẹ̀rọ náà tà fún oníirin àlòkù.
Wọ́n fún mi lówó díẹ̀ àti ẹ̀gbà ọrùn òdòdó.
Mo gba ibùdókọ̀ Howrah lọ tààrà tòun ti òdòdó lọ́rùn,
mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì.

Kí a tó rí òkun la ti gbọ́ ọ,
gbì! gbàù! lára òkúta dúdú tí wọ́n tò sí etí rẹ̀.
Bàbá àgbà ká sòkòtò sókè, ó ń ké bí ọmọdé.
Ẹṣin kan kọjá, wọ́n fi làálì kun ìrù rẹ̀,
ogún rúpìì ni ìyípo kan.
Ẹja ń hó nínú epo.
Ọmọkùnrin kan gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó ń sá tẹ̀lé wa:
"Bàbá, ẹ di Màmá lọ́wọ́ mú! Ẹ rẹ́rìn-ín!"
Ọwọ́ tí n kò dì mú ní gbangba rí.
Mo dì í mú. Ó tutù. Òórùn àlùbọ́sà ṣì wà lára rẹ̀.

Nirupama kò sọ̀rọ̀.
Ó bọ́ bàtà, ó ká etí sárì rẹ̀ dé kókósẹ̀,
ó rìn títí omi fi dé orúnkún,
ó bù ú, ó tọ́ ọ wò.
"Iyọ̀ ni lóòótọ́," ló wí,
bí ẹni pé mo ti ń purọ́ iyọ̀ fún un látọjọ́ yìí.
Ìgbì kan dé láìkí ẹnikẹ́ni,
ó gbá àwa méjèèjì jókòó sínú omi,
awò ojú mi bá a lọ.
Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ti pa á,
ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú.

Lọ́sàn-án, a ra ìkarahun funfun kan.
Oníṣọ̀nà jókòó sábẹ́ agboòrùn,
ó fín orúkọ rẹ̀ sí i kí tíì inú ife amọ̀ wa tó tutù.
Ojú mi kò ríran, àmọ́ àtàǹpàkò mi kò fọ́jú.
Mo fi ka lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí mo ń ka òjé:
Nirupma.
Lẹ́tà kan ti jábọ́ láàárín.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún orúkọ olórúkọ ṣe,
ṣé tilé mi ni wọn yóò wá bàjẹ́?
Mo ti dìde, ohùn mi ti ń ga,
ó fà mí láṣọ.
"Fi sílẹ̀. Nirupama wà nílé, ó ń ṣọ́ ìkòkò ìrẹsì.
Eléyìí ló wá wo òkun."

Ọkọ̀ ojú irin alẹ́ kún fọ́fọ́. A dúró pẹ́ ká tó rí ìjókòó.
Ó sùn lé mi léjìká, irun rẹ̀ le bí okùn àwọ̀n,
iyanrìn ń já bọ́ láti etí sárì rẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
sórí bàtà ẹlòmíràn.
Fọ́tò náà wà lápò mi, n kò tíì lè rí i dáadáa.
Mo bẹ ọmọbìnrin tó kọjú sí wa kó bá mi wò ó.
Ó gbé e sún mọ́ iná.
"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ dijú," ló wí.
"Àmọ́ ọwọ́ yín hàn."